Bàbá Sẹ́ńsọ́ọ̀sì àti Ilé Ajíṣafẹ́ Kan Ṣoṣo

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ so yìgì ọmọ Mùtàlíbù aláṣọ ní Èjìgbò, lọ́dún 1984, ni ọ̀rọ̀ Yàkúbù Dúrójaiyé kúrò ní àwàdà. Lèmọ́mù ti jókòó. Ọkọ ìyàwó ti wẹ̀, ó ti wọ ẹwù tuntun, òógùn ti ń bò ó. Ìrẹsì ń hó lẹ́yìnkùlé. Ni agbẹnusọ àwọn àna bá gbóhùn sókè pé, "Àwa ìdílé Ajíbádé, ọmọ bíbí ìlú Ara, la wá tọrọ òdòdó o." Kò tíì sọ ọ́ tán tí Yàkúbù fi dìde láàárín èrò.

"Irọ́ ni!"

Gbogbo ojú yí sí i.

"Ẹ má bínú o," ni ó wí. "Kò sí Ajíbádé ní Ara. Ìwé rẹ̀ wà nílé mi. Nínú ìkànìyàn ọdún 1963, ilé mẹ́rin péré ni Ajíbádé ní gbogbo agbègbè yìí: mẹ́ta ní Masifa, ọ̀kan nínú Èjìgbò. Bí ẹ bá ń jẹ́ Ajíbádé, tí ẹ sì ń gbé Ara, ẹ sọ ohun tó lé yín kúrò ní Masifa fún wa kí a tó fọmọ fún yín."

Háà! Àwọn àna fò dìde. Ẹnì kan ti di ọrùn ẹwù Yàkúbù mú, ẹnì kejì ń wá bàtà rẹ̀ tó fẹ́ fi nà án. Ni bàbá àgbà ọkọ ìyàwó bá wúkọ́ láti ibi tó jókòó sí.

"Ẹ fi ọkùnrin yẹn sílẹ̀," ni bàbá àgbà wí. "Òótọ́ ló sọ. Àgbò kan ló lé bàbá mi kúrò ní Masifa. Àgbò ọ̀hún kì í sì í ṣe tiwa."

Ẹ̀rín tó sọ lọ́jọ́ náà, lèmọ́mù gan-an fi láwàní bo ojú. Wọ́n so yìgì, wọ́n jẹun, Yàkúbù sì kúrò ní Yàkúbù láti ọjọ́ náà. Tọmọdé tàgbà ń pè é ní Bàbá Sẹ́ńsọ́ọ̀sì.

Ìyàwó rẹ̀, Sẹ̀kínátù olóbì, máa ń sọ pé òun ò ní orogún, àfi ìwé mọ́kànlá. Òótọ́ ni. Ọkọ rẹ̀ ti ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì kánsù, ó sì wà lára àwọn tó ka èèyàn lọ́dún 1963. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwé tiwọn lé ìjọba lọ́wọ́ tí wọ́n lọ sùn, Yàkúbù jókòó ti àtùpà, ó da gbogbo orúkọ kọ sínú ìwé tirẹ̀. Ó tún wá ìwé ìkànìyàn àtijọ́ tó ṣáájú ìyẹn kiri, èyí tí ikán ti jẹ etí rẹ̀, ó da òun náà kọ. Bóyá ìjọba fọwọ́ sí i o, bóyá wọn ò fọwọ́ sí i, kò sẹ́ni tó bi í.

"Orúkọ ìdílé dà bí iṣu," ni ó máa ń wí. "Kì í ta níbi gbogbo. Ilẹ̀ tó bá gbà á ló ti ń ta. Bí o bá gbọ́ Ògúndìran, wo ọ̀nà Masifa. Bí o bá gbọ́ Bùràímọ̀, àárín Èjìgbò ni, nítòsí mọ́sáláṣí. Bí o bá wá rí Bùràímọ̀ nínú oko jíjìn, bi í pé kí ló ń wá."

Bí ọkọ̀ bá dé gáréèjì, yóò ti wà níbẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ o. Kí lorúkọ bàbá yín?" Bí àlejò bá ti dá a lóhùn, Bàbá á dijú díẹ̀, á sì dárúkọ ìlú rẹ̀, nígbà mìíràn á dárúkọ agboolé mọ́ ọn. Àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́. Bí àlejò bá ní rárá o, ibẹ̀ kọ́ ni ìlú òun, Bàbá kì í gbà pé òun ṣì í. Á ní, "Ẹ lọ bi ìyá yín dáadáa." Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ lù ú nítorí gbólóhùn yìí.

Lọ́dún 1987, ó ra pákó pẹlẹbẹ kan, ó fi èédú ya gbogbo agbègbè náà sí i, Èjìgbò láàárín, Masifa níhìn-ín, Ara lọ́hùn-ún. Ó wá ń fi ẹ̀kọ tútù lẹ àgbàdo àti ẹ̀wà mọ́ ọn lẹ́yọ lẹ́yọ. Àgbàdo kan, ilé Ògúndìran kan. Ẹ̀wà funfun kan, ilé Àyàndá kan. Ẹ̀pà ni ti àwọn Bùràímọ̀. Oṣù méjì gbáko ló fi ṣe é. Ọjọ́ tó parí, ó gbé e sí oòrùn kó gbẹ, ó lọ kírun.

Kí ó tó dé, ewúrẹ́ Sẹ̀kínátù ti débẹ̀.

"Ẹ gbà mí o!" Ariwo rẹ̀ dé ọjà. "Masifa ti tán! Ó ti jẹ Masifa tán, ó ti ń lọ sí Ara!"

Àdúgbò tú jáde. Obìnrin kan tí wọ́n bí ní Masifa ká ọwọ́ lérí, ó bú sẹ́kún, ó ń béèrè bóyá àrùn ni tàbí iná. Nígbà tí wọ́n fi rí ewúrẹ́, tí àwòrán ilẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ìbínú kò jẹ́ kí obìnrin náà lè rẹ́rìn-ín. Bàbá ní àfi kí wọ́n pa ewúrẹ́ ọ̀hún.

"Bàbá Àdìsá," ni Sẹ̀kínátù wí, "bí ẹ bá pa á, ẹ ó pa gbogbo ará Masifa tó wà níkùn ẹ̀."

Bàbá rò ó títí. Ewúrẹ́ kò kú. Láti ìgbà náà, ìdérí ìgò ló fi ń ṣe àwòrán ilẹ̀ rẹ̀.

Ìwé wọ̀nyí ló wà nílé nígbà tí Bàrákátù dé láti Àbíjàn ní oṣù kọkànlá ọdún 1991. Gbogbo ìlú ń retí ìkànìyàn tuntun lọ́jọ́ wọ̀nyẹn. Ìjọba ti kéde pé ọjọ́ mẹ́ta ni wọn yóò fi kà wá, pé kí olúkálùkù jókòó sílé, ọkọ̀ kankan kò ní rìn. Ẹ ò rí Bàbá Sẹ́ńsọ́ọ̀sì! Ó ń rìn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi jọba. Ó ti rán agbádá tí yóò wọ̀ jókòó de àwọn akànìyàn. Ó ti sọ fún Sẹ̀kínátù ibi tí wọn yóò gbé àga sí, àti irú omi tí wọn yóò bù fún wọn.

Bàrákátù jẹ́ obìnrin gíga kan, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ará Èjìgbò ni ọkọ rẹ̀, Àbíjàn ni wọ́n ti pàdé. Ó kúnlẹ̀ ní pálọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Papa. Wọ́n ní ẹ mọ ibi tí orúkọ ti ń wá."

"Orúkọ wo?"

"Ajíṣafẹ́. Orúkọ bàbá mi ni. Nǹkan tó wà nínú papíyé rẹ̀, ìwé ìrìnnà rẹ̀, nìyẹn: Ajíṣafẹ́, ará Èjìgbò."

Ó wá ròyìn. Abúlé kòkó kan tó jìnnà sí Àbíjàn ni bàbá rẹ̀ ń gbé, òun nìkan ni Yorùbá níbẹ̀, ó sì fẹ́ ọmọ ibẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Bàrákátù nígbà tí bàbá rẹ̀ kú lójijì. Kò ṣẹ́ nǹkan kù ju ìwé yẹn àti fọ́tò kan.

"Àwọn ará ilé ọkọ mi máa ń sọ pé ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ṣà mí," ni Bàrákátù wí. "Bàbá mi kú, ẹbí rẹ̀ ò gbọ́, ẹnì kan ò ṣe fídáù fún un. Mi ò wá ilẹ̀, mi ò wá ogún. Kí ẹnì kan ṣáà sọ pé ọmọ àwọn ni mí. Ọkọ mi ní ẹ̀ẹ̀kan yìí nìkan ni òun yọ̀ǹda. Ọjọ́ kejì tí ìkànìyàn bá parí, bọ́ọ̀sì wa ń padà."

Inú Sẹ̀kínátù bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ojú Bàbá ń tàn yanran. Ìwé tó to gbogbo orúkọ sí ní a-b-d ló fà yọ, ìka rẹ̀ ń sáré.

"Ajíbádé... Ajíbọ́lá... Ajíṣafẹ́! Sẹ̀kínátù, gbọ́! Wọ́n lè pọ̀ níbòmíràn o, ṣùgbọ́n ní gbogbo agbègbè wa, ilé Ajíṣafẹ́ kan ṣoṣo ni mo kà. Masifa ni! Kì í ṣe Èjìgbò rárá! Bí wọ́n bá ti dé ọ̀hún, gbogbo wọn a di ará Èjìgbò!"

Ó jó. Àgbà tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún gbé ẹsẹ̀ ijó láàárín pálọ̀. Bàrákátù rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ," ni Sẹ̀kínátù wí.

"Ìwọ? Ọ̀rọ̀ orúkọ ìdílé kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin. Jókòó ti obì rẹ."

Ó mú Bàrákátù lọ sí Masifa. Agboolé dé agboolé ni wọ́n ń dé, àwọn ọkùnrin tó jókòó níwájú ilé ni Bàbá sì ń bi. Ìdílé Ajíṣafẹ́ dà? Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń jẹ́ Ajíṣafẹ́ ńkọ́? Kò sí. Bóyá wọ́n ti kó lọ? Àwọn tí kò wá, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ kó lọ? Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi lọ, tí wọ́n fi bọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, Bàbá ò lè wí fún wọn pé kí wọ́n lọ bi ìyá wọn dáadáa. Ó kàn ká ìwé rẹ̀ pọ̀, ó padà sílé. Sẹ̀kínátù ò rí irú rẹ̀ rí láti ọgbọ̀n ọdún tó ti fẹ́ ẹ.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí ìkànìyàn ku ọ̀la, Bàrákátù wá dúpẹ́, ó wá dágbére. Bàbá dìde. Ó wọlé, ó gbé ìwé tó dàgbà jù lọ jáde, èyí tó fi pẹ́ńsù kọ lójú ọ̀nà lọ́dún 1963 kí ó tó to orúkọ ní a-b-d. Ó ṣí i, ó ń kà á sókè bí ẹni tó ń bá ìwé jà.

"Masifa. Ilé kẹtàdínlógún, ẹ̀yìn igi oṣè. Ọ̀gá. Akọ̀wé. Ajíṣafẹ́. Adúmáadán. Ìbàdíàrán..."

Sẹ̀kínátù, tó ń ṣa obì tó ti bàjẹ́ kúrò lára èyí tó dáa, dáwọ́ dúró. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó rín títí gèlè fi tú.

"Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" Inú ń bí Bàbá.

"Bàbá Àdìsá, ẹ dákun, ta ló pe àwọn orúkọ yìí fún yín?"

"Àwọn tí mo bá nílé ni."

"Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

Bàbá dijú. "Obìnrin ni. Àwọn ọkọ wọn wà lóko. Ìgbà iṣẹ́ oko ni."

"Ìyàwó ilé! Ìyàwó ilé wo ló máa dárúkọ ọmọ ilé ọkọ rẹ̀? Àbúrò yín obìnrin, ọgbọ̀n ọdún rèé, mo pe orúkọ ẹ̀ rí? Ṣé Ìdílẹ̀kẹ̀ kọ́ ni mò ń pè é? Ẹni tó bá dúdú, a ní Adúmáadán. Ẹni tó bá kàwé, a ní Akọ̀wé. Ẹni tó bá jí tó ń ṣoge, a ní Ajíṣafẹ́! Ẹ débẹ̀, ẹ bi ìyàwó, ìyàwó sọ orúkọ tí òun sọ ọkọ òun kékeré, ẹ kọ ọ́ fún ìjọba!"

Bàbá jókòó. Ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré.

"Ọkùnrin kan wá bá mi ní kánsù lọ́dún kejì ìkànìyàn. Ó fẹ́ gba ìwé tí yóò mú rìnrìn-àjò. Ó ní ilé ẹ̀yìn igi oṣè ní Masifa lòun. Kò mọ̀wé kà. Ó wọ bàtà tó ń dán. Mi ò tiẹ̀ bi í lórúkọ. Mo wo ìwé mi, mo wo bó ṣe múra, mo kọ Ajíṣafẹ́ fún un. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi." Ó wo Bàrákátù. "Ọmọ mi, kì í ṣe ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ṣà ọ́. Èmi ni mo sọ bàbá rẹ nù. Jọ̀wọ́, má bínú sí mi."

Omi wà lójú rẹ̀. Sẹ̀kínátù ò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ẹ dìde ká lọ," ni ó wí.

"Lónìí? Ọkọ̀ ò ní rìn mọ́ láti òru. Ibi tí ilẹ̀ bá ṣú wa sí ni wọ́n máa ti kà wá." Bàbá wo agbádá tuntun tó fi kọ́ ara ògiri. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló ti ń retí ọjọ́ yìí. Ó wo Bàrákátù, ó wo agbádá lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn. "Sẹ̀kínátù, bọ́ síwájú. Ìwọ lo máa sọ̀rọ̀."

Ọkọ̀ akẹ́rù tó kù gbẹ̀yìn ni wọ́n bá lọ, wọ́n dúró láàárín àpò gààrí. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn igi oṣè, Sẹ̀kínátù ò tilẹ̀ wo àwọn ọkùnrin iwájú ilé. Ó kí wọn, ó gba àárín wọn kọjá sí ẹ̀yìnkùlé, ó ní, "Ẹ bá mi pe ìyálé tó dàgbà jù nínú ilé yìí."

Ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Ọmọpẹ́ jáde, ọ̀pá lọ́wọ́. Sẹ̀kínátù kúnlẹ̀ kí i.

"Ìyá, ẹ dákun, ọkọ yín wo lẹ sọ ní Ajíṣafẹ́?"

Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ ìyá.

"Ajíṣafẹ́ mi? Bùràímọ̀! Ah, mo ti dárúkọ ọkọ mi o, Ọlọ́run má bínú. Bùràímọ̀ Ògúndìran, àbúrò ọkọ mi! Ṣé ẹ̀yìn mi ni wọ́n bí i? Rárá o, mo bá a nílé ni, ó ń pààrọ̀ eyín nígbà náà. Ó lọ sí Àbíjàn, ó fi aṣọ kan ránṣẹ́ sí mi, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ó dà? Ó ti dé?"

Bàrákátù ṣí báàgì rẹ̀. Ó na fọ́tò sí i. Ọkùnrin inú rẹ̀ dé fìlà gẹ̀gẹ̀, ó fi áńkáṣíìfù sápò àyà, ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú kí bàtà lè hàn. Ìyá fi fọ́tò náà súnmọ́ ojú, ó gbé e lé àyà.

"Oge ò fi í sílẹ̀," ni ó wí. "Ta ni ẹ́, ọmọ?"

"Ọmọ rẹ̀ ni mí. Bàbá mi ti kú, Ìyá. Ó ti pẹ́."

Ìyá sunkún, ó sunkún gan-an. Lẹ́yìn náà, arúgbó ẹni ọgọ́rin ọdún yìí gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó ń kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ níwájú ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

"Ẹ dìde, Ìyá! Ẹ dìde!" Jìnnìjìnnì bo Bàrákátù, òun náà kúnlẹ̀.

"Fi mí sílẹ̀," ni ìyá wí. "Ìyàwó ni èmi nínú ilé yìí. Ìwọ ni ọmọ ilé. O káàbọ̀, ọkọ mi."

Gbogbo àwọn ìyàwó ilé wá ń jáde láti yàrá kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń wí pé, "O káàbọ̀, ọkọ mi." Àwọn ọkùnrin iwájú ilé sáré wọlé wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bàrákátù ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó ń wí pé, "Mèsí, mèsí," ó gbàgbé Yorùbá pátápátá.

Masifa ni ilẹ̀ ṣú wọn sí, ibẹ̀ ni wọ́n wà fún ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí akànìyàn dé, ọ̀dọ́mọkùnrin onísùúrù kan ni, Bàbá dúró tì í gbágbágbá.

"Má bi ìyàwó ilé!" ni ó ń pariwo. "Bi ọmọ ilé! Ta ló dáhùn yẹn? Ìyàwó ni! Pa á rẹ́!"

"Bàbá, ẹ jẹ́ n ṣiṣẹ́ mi."

"Bí mo ṣe wí náà nìyẹn lọ́dún 1963."

Ó wá kan Bàrákátù. Ó dìde dúró, ó ní, "Bàrákátù, ọmọ Bùràímọ̀ Ògúndìran, ilé yìí." Akànìyàn kọ ọ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n ṣe fídáù Bùràímọ̀ nínú àgbàlá ilé bàbá rẹ̀. Bàrákátù ní Ajíṣafẹ́ tó wà nínú ìwé òun lọ́hùn-ún, òun ò ní yí i padà, nítorí ìyàwó ilé bàbá òun ló sọ ọ́. Nígbà tó bá bọ́ọ̀sì lọ, ẹrù méjì tí wọ́n dì fún un fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń padà sì dìde fún un ní àyè tó dáa.

Ní Èjìgbò ńkọ́? Akànìyàn kan ilẹ̀kùn Bàbá títí, kò bá ẹnì kankan. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi ń yẹ̀yẹ́ rẹ̀ ní gáréèjì pé Bàbá Sẹ́ńsọ́ọ̀sì ò sí nínú sẹ́ńsọ́ọ̀sì Èjìgbò.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe? Ó sọ ọ́ di ìtàn! Gbogbo àlejò ló ń sọ ọ́ fún. Yóò sọ ti fọ́tò, yóò sọ ti Masifa, yóò fi ohùn Ìyá Ọmọpẹ́ sọ̀rọ̀. Bó bá wá dé ibi ọ̀rọ̀ ìyàwó ilé, á ní, "Ni mo bá da ọgbọ́n kan rò." Sẹ̀kínátù á wúkọ́ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Bàbá Àdìsá, ẹ̀yin tàbí ta?" Bàbá á ní kí ó bá òun bu omi wá.

Ọdún 1998 ló dùbúlẹ̀ àìsàn tí kò dìde mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, yàrá kún fún àwọn tó wá kí i, wọ́n ní kí ó sọ ìtàn Ajíṣafẹ́. Ohùn rẹ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Nígbà tó dé ibẹ̀ yẹn, ó dúró, ó nawọ́ sí Sẹ̀kínátù.

"Òun ló rí i," ni Bàbá wí. "Èmi ò mọ nǹkan kan. Gbogbo ìwé mi, mi ò mọ nǹkan kan."

Ọdún méje ni Sẹ̀kínátù ti ń retí kí ó sọ bẹ́ẹ̀, nígbà tó wá sọ ọ́, kò fẹ́ gbọ́ ọ rárá.

"Ẹ má dá a lóhùn, àìsàn ló ń sọ̀rọ̀," ni ó wí. "Bàbá Àdìsá, ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́."

Bàbá wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ni mo bá da ọgbọ́n kan rò," ni ó wí, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ fídáù ogójì rẹ̀, èrò ya wá láti Masifa àti Ara, ará Ògúndìran nìkan kún ọkọ̀ méjì. Bàrákátù wá láti Àbíjàn, òun àti ọmọ méjì. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, àwọn ọ̀dọ́ tí kò bá Bàbá láyé dáadáa ní kí Ìyá Àdìsá sọ ìtàn Ajíṣafẹ́ fún àwọn. Sẹ̀kínátù tún gèlè rẹ̀ wé. Ó sọ ti fọ́tò, ó sọ ti àpò gààrí inú ọkọ̀ akẹ́rù, ó sọ bí Bàbá ṣe jókòó ti ìwé àtijọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, tí òun ń ṣa obì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí òun ò sì fura sí nǹkan kan.

"Ó ka orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀kan," ni ó wí. "Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ni ọkọ mi bá da ọgbọ́n kan rò."

Bàrákátù, tó wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, gbójú sókè wò ó. Ó rọra fi ọwọ́ bo ọwọ́ Sẹ̀kínátù.